Ohùn Ercilia Lẹ́yìn Fèrèsé

Láyé ìgbà kan ní ìlú Baní, obìnrin tó bá ń lọ síbi ìgbéyàwó tí kò kọ́kọ́ yà ní ṣọ́ọ̀bù Nurys Peguero, àwọn èèyàn á mọ̀ lára irun rẹ̀. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: àga mẹ́ta, dígí ńlá mẹ́ta, ẹ̀rọ méjì tó ń gbẹ irun, àti ibi ìfọrun kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nurys ló ń gé irun, òun ló ń ká a mọ́ rólà, òun ló ń fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ títí á fi máa dán. Ercilia Mañón ló ń fọ orí, òun náà ló ń kun èékánná. Ọdún méjìlélógún ni àwọn méjèèjì ti jọ wà bẹ́ẹ̀. Ercilia fi ọdún mẹ́rin ju Nurys lọ, òun sì ni ìyá ìsàmì Yokasta, ọmọ kan ṣoṣo tí Nurys bí.

Nurys mọ̀ pé òun lẹ́wà, kò sì fi pamọ́. Kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ń ta gáàsì láìtíì kun ètè. Bó bá ń ṣe irun oníbàárà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kan á wà lára irun, ìkejì á wà nínú dígí níbi tó ti ń wo bí òun fúnra rẹ̀ ṣe dúró. Ercilia a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bí ikú bá kanlẹ̀kùn ilé yìí," Ercilia sọ lọ́jọ́ kan lójú àwọn oníbàárà, "Nurys á ní kó jókòó dúró ná, pé òun ṣì ń tọ́ ìpéǹpéjú lọ́wọ́."

"Kò burú," ni Nurys dáhùn. "Ìwọ á ti máa bá a fọ orí rẹ̀ kí n tó ṣe tán."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ercilia ni ẹ̀gbà kọ́kọ́ mú. Àárín Lẹ́ńtì ni, ó ń ro ẹ̀wà oníṣúgà tí wọ́n máa ń jẹ lásìkò náà lórí iná nínú ilé rẹ̀, àfi bí ṣíbí onígi ṣe já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò sì lè dìde mọ́. Casilda, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, ló pariwo pe àwọn aládùúgbò. Ọsibítù ni wọ́n ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ kò sì fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Nurys lọ kí i. Ercilia rí i, inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, àmọ́ "Nu" nìkan ló jáde, "Nu, Nu," itọ́ sì ń ṣàn ní igun ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́. Nurys fi áńkáṣíìfù nù ún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn oníbàárà. Nígbà tó jáde, ẹ̀yìn ọsibítù ló lọ dúró sí. Kì í ṣe àánú nìkan ló lé e débẹ̀. Ẹ̀rù ni, pẹ̀lú nǹkan kan tó jọ ìríra, tí kò sì jẹ́ gbà fún ara rẹ̀ nígbà yẹn pé ìríra ni. Ó tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ti dé, àwọn oníbàárà pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní àwọn tó ń ṣe ìparí ẹ̀kọ́ ti dé. Yokasta ló ń rán lọ, pẹ̀lú èso àti aṣọ ìnura tuntun.

Ní oṣù Kẹjọ, ní ọjọ́ Wẹ́sìdé kan tí ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ yá, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí, Ercilia wọlé. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ tẹ̀lé e. Ó ti kun ètè, igun kan sì ti yọ kọjá ibi tó yẹ. Oníbàárà méjì tó wà níbẹ̀ kí i, wọ́n sì wo ilẹ̀.

"Mo ti dé," Ercilia sọ. Ọ̀rọ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. "Mi ò lè fọ orí. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo lè ká aṣọ ìnura. Mo lè gbé fóònù. Mo lè bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀."

Nurys mú un lọ sí ẹ̀yìn, sí ilé ìdáná, ó fún un ní kọfí. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá a sọ̀rọ̀, ohùn tí èèyàn fi ń bá ọmọ tó ní ibà sọ̀rọ̀.

"Ercilia, lọ sinmi. Ara rẹ kò tíì yá."

"Ó ti yá tó bó ṣe máa yá."

"Àwọn èèyàn tó ń wá síbí, ṣó o rí i, ẹwà ni wọ́n ń wá wò. Wọ́n fẹ́ kí inú wọn dùn. O mọ bí wọ́n ṣe rí."

Ercilia mu kọfí rẹ̀ tán, ó gbé ife síbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀. "Mo mọ bí wọ́n ṣe rí," ó wí. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde kó má bàa tún kọjá lójú àwọn oníbàárà. Nurys gbọ́ bí ọ̀pá náà ṣe ń lọ títí ó fi dé ìgboro, ó wá padà síbi irun tó ń ṣe. Ara tù ú. Ohun tó wá ká a lára jù lọ nígbà tó yá nìyẹn, pé ara tu òun lọ́jọ́ náà.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta kọjá. Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá, Nurys ń ṣe irun ìyàwó tuntun. Ó ti fi píìnì há ìdajì rẹ̀. Ìyàwó náà ń wo dígí, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Àǹtí Nurys, kí ló ń ṣe ẹnu yín?"

Nurys gbójú sókè. Nínú dígí tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ti rí i: ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ ń wálẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n tú okùn rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan kan. Ohun tó jáde kò jọ ọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ òsì yẹ̀ ní abẹ́ rẹ̀, ó sì di àga òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mú, òun àti àga náà sì jọ ṣubú.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n gbé e padà sílé, ohun àkọ́kọ́ tó sọ fún Yokasta ni pé kó kọ ojú àwọn dígí sára ògiri. Lẹ́yìn náà, kó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bí èèyàn bá béèrè, kó sọ pé Màmá rìnrìn àjò.

"Rìnrìn àjò lọ síbo, Màmá? Gbogbo Baní ló rí ọkọ̀ tó gbé yín."

"Sọ ohun tí mo ní kó o sọ."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò pátápátá bí ti Ercilia nígbà àkọ́kọ́. Ó kàn ń lọ́ ni, bí ẹni tó fi oúnjẹ gbígbóná sẹ́nu. Apá òsì rẹ̀ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó lè fi ọ̀pá rìn nínú ilé, láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé bẹ́ẹ̀dì. Ó fi gbèdéke lélẹ̀ fún ara rẹ̀: tí Kérésì bá fi máa dé, òun á ti padà sípò. Kérésì dé. Ó sún un sí Ọjọ́ Àjíǹde.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an tí Nurys dé láti ọsibítù ni Ercilia wá. Ọjọ́bọ̀ ni. Nurys gbọ́ ọ̀pá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mọ̀ ọ́n.

"Sọ fún un pé mo ń sùn," ó wí fún Yokasta.

Yokasta lọ. Ó padà wá. "Wọ́n ní kò burú, pé àwọn á jókòó díẹ̀, pé ẹsẹ̀ ń ro àwọn."

Àga kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ fèrèsé yàrá Nurys. Àwọn pákó fèrèsé náà wà ní títì, àmọ́ àlàfo wà láàárín wọn, ohùn sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ercilia jókòó. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, láìkọjú sí fèrèsé, bí ẹni tó ń bá ìgboro sọ̀rọ̀.

"Tó o bá ń wọ búláòsì, apá tó kú ni kó o kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́. Èyí tó dáa lẹ́yìn. Tó o bá ń bọ́ ọ, èyí tó dáa ni kó kọ́kọ́ jáde. Oṣù méjì ni mo fi sunkún lórí búláòsì kí ẹnì kan tó sọ fún mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Yokasta ti lọ sí ibi iṣẹ́, Nurys gbìyànjú rẹ̀. Búláòsì náà wọlé. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú rẹ̀ lọ́rùn, inú rẹ̀ sì ń bí i pé ó wọlé.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Ercilia ń wá, ní agogo mẹ́wàá, nígbà tí òòrùn kò tíì mú jù. Ìrìn tí èèyàn tó ní ẹsẹ̀ méjì ń fi ìṣẹ́jú mẹ́fà rìn ni, ó máa ń gbà tó bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ tútù tẹ́ abẹ́ abọ́ kó má bàa sá lórí tábìlì. Ó ń sọ pé omi á máa há èèyàn lọ́fun, pé kí Nurys tẹ orí wálẹ̀ kó tó gbé e mì. Ó ń sọ ẹni tó bímọ àti ẹni tó kó lọ sí olú ìlú. Ó ní àwọn kan ń pàdé ní Túsìdé nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí ẹ̀gbà ti mú, àti pé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Anyelina, tó kọ́ iṣẹ́ nína apá àti ẹsẹ̀, ń wá kọ́ wọn ní bí wọ́n á ṣe máa ṣe é.

"Awakọ̀ kan wà níbẹ̀, Fello ni wọ́n ń pè é," ó sọ lọ́jọ́ kan. "Ó ní tí ìjọba bá fún òun ní ọkọ̀ tó ń yà sí ọ̀tún nìkan, òun ṣì lè wà á. Wàá rẹ́rìn-ín, Nurys. Jẹ́ ká jọ lọ. Irú wa ni gbogbo wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí Nurys nínú. Láti bí oṣù márùn-ún, kò tíì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ẹnu rẹ̀ tó wọ́ pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Èmi kì í ṣe irú rẹ."

Ọ̀kadà kan kọjá níta. Nurys rò pé Ercilia ti lọ.

"Ohun tí èmi náà sọ fún dókítà nìyẹn," Ercilia wí níkẹyìn. Ó dà bíi pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó sì rọra lọ.

Ó tún wá ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Nígbà tí máńgòrò pọ́n, ó ń fi àpò aṣọ kọ́ ọrùn, máńgòrò mẹ́ta á wà nínú rẹ̀, á sì kó wọn sílẹ̀ lórí àga tó bá ń lọ. Nurys ń jẹ máńgòrò náà. Nígbà mìíràn, tó bá ti ń sún mọ́ agogo mẹ́wàá, á ti wọ aṣọ, á ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á ti gbé ọwọ́ ọ̀tún lé pákó rẹ̀. Ìbú ọwọ́ kan ni ó wà láàárín òun àti orí Ercilia. Ó máa ń rò ó pé òun á ṣí i. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí ẹnu òun bá ti tọ́ díẹ̀ sí i.

Ní Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Keje, Yokasta wọlé láàárọ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nurys ti mọ̀ kó tó lanu. Ẹ̀gbà ti tún mú Ercilia lẹ́ẹ̀kejì, lójú oorun, kò sì jí.

Agogo mẹ́jọ kò tíì lù nígbà tí Casilda dé. Kò dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń dúró. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó wọlé, ó sì wo Nurys lójú láìyẹjú. Òun ni àlejò àkọ́kọ́ tó rí ojú yẹn láti oṣù Kọkànlá.

"Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní la máa sin ín," ó wí. "Ó ti sọ fún mi tipẹ́ pé tó bá ṣẹlẹ̀, ìwọ ni kó ṣe irun òun. Ó ní òun kò fẹ́ ẹlòmíì."

"Ọwọ́ kan ni mo ní, Casilda."

"Mo mọ iye ọwọ́ tó o ní. Èmi á bá ọ di èkejì mú."

"Mò ń bọ̀," Nurys wí. "Máa lọ. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ."

Òótọ́ ló fi sọ ọ́. Yokasta wẹ̀ fún un, Nurys wọ aṣọ dúdú, apá tó kú ló kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́. Ó kó ìyarun àti píìnì sínú àpò. Ní agogo mẹ́sàn-án, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Yokasta pe ọ̀kadà, ọ̀kadà dé, Nurys wo ẹni tó wà lórí rẹ̀, ọmọ kan tí òun máa ń gé irun ìyá rẹ̀, ó sì ní kó máa lọ. Ó ní ara òun kò dá. Agogo mẹ́wàá lù. Ó dìde, ó rí àwọn obìnrin tó dúró síwájú ilé ìtajà òdìkejì, ó jókòó padà. Ó ní òun á dúró kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ná. Wọ́n lọ, àwọn mìíràn dé. Yokasta bẹ̀ ẹ́, ó bínú sí i, ó sunkún, ó lọ fúnra rẹ̀. Agogo méjìlá lù. Casilda ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó kọjá agogo méjì kí Nurys tó bọ́ sí ìgboro. Kò lè sọ ohun tó gbé e dìde. Bóyá bí ilé ṣe dákẹ́ ni. Ó rìn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, òpópónà mẹ́ta péré, òòrùn ń pa á lórí. Àwọn èèyàn rí i. Ọkùnrin tó ń ta yìnyín dídùn kí i pé, "Àǹtí Nurys, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ó sì padà síbi ohun tó ń tà. Obìnrin kan bọ́ sílẹ̀ lójú pèpéle ẹ̀gbẹ́ títì kí Nurys lè ríbi kọjá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́jọ ló fi bẹ̀rù nǹkan yìí, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó dé ilé Ercilia, wọ́n ti ṣe irun òkú náà. Ọmọbìnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú òkú ló ṣe é. Ó ya á sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ òsì ni Ercilia ń ya irun rẹ̀ láti ìgbà èwe, kó lè fi bo àpá kan níwájú orí. Àpá náà wà níta, pẹ̀lú àtíkè lórí rẹ̀. Nurys dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ó wo ojú tó ti ń sá fún. Ẹnu náà ṣì wọ́ díẹ̀, bí ẹnu tirẹ̀, lódìkejì. Kò sí ohun tó bani lẹ́rù níbẹ̀. Ercilia ni.

Ó fa ìyarun yọ. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun náà nígbà tí àwọn tó máa gbé pósí wọlé.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún," Nurys wí fún olórí wọn.

Ọkùnrin náà tẹ etí sílẹ̀. Kò gbọ́ ọ. "Kí lẹ wí, Màmá?"

Gbogbo ilé yíjú sí i, wọ́n ń retí. Nurys gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó lọ́, ojú tì í. Kò tún un sọ. Ó mi orí pé kò sí nǹkan kan, ó sì sún sẹ́yìn. Wọ́n fi ìdérí dé pósí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ Túsìdé, ó lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ lórí àga oníke lábẹ́ igi, Anyelina sì wà láàárín wọn. Wọ́n fún un ní àga. Wọn kò bi í ní nǹkan kan. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan, ó ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe. Ó kọ́ láti jẹ́ kí aṣọ ìnuwọ́ wà lórí itan kó lè nu igun ẹnu rẹ̀ láìfi ọwọ́ bojú. Ó ní kí Yokasta yí àwọn dígí padà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wo ara rẹ̀ dáadáa, kò sunkún bó ṣe rò pé òun á sunkún. Ó ronú pé bí òun bá ti wo ojú yìí ní oṣù Kejìlá, òun ì bá ti ṣí fèrèsé.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n ń sinmi, Fello awakọ̀ mẹ́nu kan Ercilia, ó ní ibẹ̀ kò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nurys sì sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, níbi tí wọn kò bá ti gbọ́ ó tún un sọ: bí Ercilia ṣe wá bẹ òun pé kí òun jẹ́ kó máa ká aṣọ ìnura, àti ohun tí òun fi dá a lóhùn nínú ilé ìdáná.

Fello wo ilẹ̀. "Kò sọ ìyẹn fún wa rí."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ìwọ lò ń bẹ òun pé kí òun padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun lòun kọ̀, pé ó ti rẹ òun."

Ó wu Nurys kí Ercilia ti bú òun níbí, lójú gbogbo wọn, kó ti pe òun ní ìkà. Ìyẹn ì bá ní òpin. Oore tó ṣe yìí, kò sẹ́ni tí èèyàn lè lọ bá láti dá a padà.

Wọ́n jẹ́ kó sunkún. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórúnkún, ọwọ́ tí kò lè tẹ̀, ó wúwo, ó sì gbóná. Nígbà tó yá, Anyelina ní kí wọ́n gbé apá tí kò dá sókè, kálukú níbi tí agbára rẹ̀ bá mọ. Ti Nurys kò dé èjìká. Ó gbé e dé ibi tó dé, ó sì fi í síbẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó ń gbọ̀n, títí Anyelina fi kà dé ẹẹ́wàá.